Káfíńtà Wá Ara Rẹ̀ Tì Nínú Aṣọ

Ìlú tí wọ́n ti wá kò sí mọ́. Ogun kọ́ ló lé wọn, iná kọ́ ló jó wọn mọ́lé. Òkun ni. Ó sì bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí àlejò tó ní òun kò ní pẹ́ lọ. Ó kọ́kọ́ ba kànga jẹ́, omi mímu di omi iyọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló ń wọ òpópónà wá lọ́jọ́ tí òjò kò tilẹ̀ rọ̀. Nígbà tó yá, ó di pé ó ń wọ yàrá, ó ń gbé bàtà ọmọdé lọ. Àwọn àgbà ní tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, á fà. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, omi ò fà. Ni ìjọba bá kó wọn sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n pín wọn káàkiri bí ẹni ń pín ẹrù. Àwọn tí wọ́n kó lọ sí ìlú ńlá kan tó jìnnà sómi bá ara wọn nínú ilé alájà gíga tí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ jọra, tó fi jẹ́ pé ní ìbẹ̀rẹ̀, ojoojúmọ́ ni ẹnìkan ń fi kọ́kọ́rọ́ jà pẹ̀lú ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn.

Káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀ wà lára àwọn wọ̀nyí. Orúkọ tí ìyá Káfíńtà sọ ọ́, àfi kéèyàn lọ bi ìyàwó rẹ̀. Káfíńtà ni gbogbo ayé ń pè é. Nílé, ọkọ̀ ojú omi ló ń kàn. Kò sí ọkọ̀ kan létí omi yẹn tí kì í ṣe abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí kò lómi yìí, ta ló fẹ́ ra ọkọ̀ ojú omi? Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ilẹ̀kùn ló gbà á. Ẹ̀rọ ló ń gé pákó, ẹ̀rọ ló ń lu ú, ẹ̀rọ ló ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Iṣẹ́ ti Káfíńtà ni kó máa fi sáńdípépà ra etí ilẹ̀kùn títí á fi dán. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, etí ilẹ̀kùn ṣáá. Ó máa ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé tóun bá kú, kí wọ́n má wulẹ̀ dààmú ṣe pósí, kí wọ́n kàn tẹ́ òun sórí ilẹ̀kùn kan, gbogbo wọn ló ti mọ òun.

Aránṣọ ni ìyàwó náà. Ó ríṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò kúrú, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ síìpù. Àgékù aṣọ tí wọ́n bá fẹ́ gbá dànù, á kó o sínú ọ̀rá wálé. Káfíńtà rò pé tìmùtìmù ló fẹ́ fi ṣe. Àfi ọjọ́ kan tó ti ibi iṣẹ́ dé, tó bá aṣọ kan tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì. Òpópónà wọn nílé ni, tí wọ́n fi àgékù aṣọ rán. Igun ilé Oníbúrẹ́dì tó ya rèé, ṣòkòtò kákí ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn àgbà tó máa ń jókòó síwájú ilé lọ́sàn-án rèé, bọ́tìnnì ni orí wọn. Omi sì rèé nísàlẹ̀, oríṣiríṣi aṣọ aláwọ̀ búlúù, ọ̀kan lé ọ̀kan, débi pé ẹni tó bá wò ó dáadáa á fẹ́ ká ṣòkòtò sókè kó má baà tutù.

"Ta ló kọ́ ẹ nírú èyí?" Káfíńtà béèrè.

"Ta ni ì bá kọ́ mi? Mo kàn ń rántí ni," ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn, ó sì já òwú pẹ̀lú eyín.

Inú Káfíńtà dùn lọ́jọ́ náà, ká má purọ́. Òun gan-an ló lọ ń kan ilẹ̀kùn àwọn ará ilé pé kí wọ́n wá wo nǹkan. Wọ́n wá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún. Àwọn obìnrin kan sunkún, àwọn kan ń fi ìka tọ́ka: ilé tèmi rèé, àga ìyá wa rèé. Oníbúrẹ́dì, tó ti ń gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn báyìí ṣùgbọ́n tí orúkọ náà ò tíì bọ́ lára rẹ̀, ló pariwo jù.

"Èmi rèé! Ẹ wo ikùn mi! Ìyàwó yìí ò ṣàánú mi rárá, ó rí ikùn mi rán!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Oníbúrẹ́dì tún tẹjú mọ́ aṣọ náà. "Káfíńtà, ìwọ ńkọ́? Ibo lo wà níbí?"

"Wò ó dáadáa," Káfíńtà ní, òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n wò ó dáadáa. Wọn ò rí i. Ẹnìkan yí ọ̀rọ̀ padà, wọ́n sì gbàgbé.

Káfíńtà nìkan ni kò gbàgbé. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, ó tẹ́ aṣọ náà síbi tí oòrùn ti ń wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ara rẹ̀. Ó wò ó láti apá ọ̀tún dé apá òsì. Ẹni tó ń ta kẹrosíìnì wà níbẹ̀. Tíṣà tó máa ń sùn ní fèrèsé wà níbẹ̀. Ajá kan tó máa ń jí ẹja wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ wà lẹ́ẹ̀mejì. Káfíńtà kò sí. Kò sí bọ́tìnnì kan tó jọ orí rẹ̀.

Kì bá dùn ún tó bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe pé ojú rẹ̀ lọ síbi etí aṣọ náà lápá òsì, tó sì bá Atukọ̀ níbẹ̀.

Atukọ̀ yìí ló ń fi ọkọ̀ gbé àwọn èèyàn láti etí omi kan dé èkejì nílé. Nígbà tí ìyàwó Káfíńtà ṣì jẹ́ ọmọge, tó ń lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ lódìkejì omi, ọkọ̀ Atukọ̀ ló ń wọ̀ lọ, òun náà ló ń wọ̀ bọ̀. Atukọ̀ sọ pé òun á fẹ́ ẹ. Ọmọbìnrin náà ní òun ti gbọ́, ó sì lọ fẹ́ Káfíńtà. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ pípẹ́ ni, wọ́n ti fi ṣe ẹ̀rín títí ẹ̀rín fi sú wọn. Nígbà tí òkun dé, ìlú mìíràn ni wọ́n kó Atukọ̀ lọ. Ẹni tí Káfíńtà rò pé omi ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn rèé nínú aṣọ, ó dúró gbọn-in, ọ̀pá ìtukọ̀ lọ́wọ́, fìlà pupa lórí. Fìlà náà ń dán! Sílíìkì ni, láti inú kóòtù olówó kan. Gbogbo ìlú wọ kákí àti òwú lásán, Atukọ̀ nìkan ló dé sílíìkì. Èyí tó wá jẹ́ àjẹkún ìyà ni ọkọ̀ tó dúró sí. Káfíńtà mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ojú ọmọ rẹ̀. Òun ló kàn án.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti ń jẹ ẹ́ nínú. Ṣùgbọ́n báwo ni àgbàlagbà ọkùnrin ṣe máa la ẹnu sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Kí ló dé tí o ò rán mi?" Kò lè sọ ọ́. Ó wá ń gba ẹ̀yìn sọ ọ́.

"Aṣọ pupa yìí dára o," ó ní bí ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́kàn. "Ibo lo ti rí i?"

"Inú kóòtù kan ni."

"Kò ṣẹ́kù?"

"Ó tán. Ẹ fẹ́ fi ṣe kí ni?"

"N ò fẹ́ fi ṣe nǹkan kan."

Ìyàwó ń rán lọ. Aṣọ di púpọ̀ nínú ilé, lórí àga, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí èyí tuntun bá ti parí, Káfíńtà á dúró dìgbà tí ojú bá kúrò ńlẹ̀, á wá ara rẹ̀. Kò sí. Á wá Atukọ̀. Atukọ̀ á wà! Lọ́jọ́ kan, ó lọ ra fìlà pupa kan lọ́jà, ó dé e wálé. Ìyàwó rẹ̀ wo orí rẹ̀.

"Ẹ ti ń dé fìlà pupa?"

"Ṣé ó burú?"

"Kò burú. Ó kàn mú kí etí yín yọ síta ni."

Káfíńtà kò bọ́ ọ. Ó dé e lọ síbi iṣẹ́, ó dé e bọ̀. Oníbúrẹ́dì tí wọ́n jọ máa ń jókòó sídìí àtẹ̀gùn nírọ̀lẹ́ ló kọ́kọ́ fura. Kò wulẹ̀ fi bò.

"Káfíńtà, ìyàwó rẹ ń fi òwú rán aṣọ, ìwọ ń fi owú wò ó."

"Kí lò ń sọ?"

"N ò sọ nǹkan kan. Fìlà rẹ dára."

Bọ́rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí obìnrin kan fi wá láti ilé ìkàwé ìlú. Ó ti gbọ́ nípa àwọn aṣọ náà lẹ́nu oníbàárà kan. Ó jókòó, ó tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní òun fẹ́ pàtẹ wọn sára ògiri ilé ìkàwé kí gbogbo ìlú wá wò ó. Wàhálà kan ṣoṣo ni pé aṣọ tó rọ̀ báyìí ò lè dúró fúnra rẹ̀, ó nílò férémù tó lágbára.

"Ìyẹn ò le," ìyàwó ní, ó sì nawọ́ sí ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ìyangàn. "Ẹni tó mọ igi jù lọ nílùú wa ló jókòó yìí."

Káfíńtà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, orí rẹ̀ wú. Fún ìgbà díẹ̀, owú náà tilẹ̀ sùn. Ilé iṣẹ́ gbà á láyè kó máa lo ẹ̀yìnkùlé wọn lẹ́yìn iṣẹ́. Ó yan igi fúnra rẹ̀. Ó pẹ́ tó ti fi ayùn gé nǹkan, tí ìyẹ̀fun igi fò sí i nímú, tí ọwọ́ rẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe láìbéèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ kankan. Ó ń fọn féèrè. Ó kan férémù kìíní, ó kan èkejì, ó ń lọ bẹ́ẹ̀, gbogbo igun wọn lẹ̀ mọ́ra bí ètè méjì.

Ó wá dórí aṣọ àkọ́kọ́ yẹn.

Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó wọ̀n ọ́n. Atukọ̀ dúró létí níbẹ̀, ó ń wò ó lábẹ́ sílíìkì. Káfíńtà tún aṣọ náà wọ̀n. Kò sẹ́ni tó ràn án níṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ó gbé igi, ó sì gé e kúrú.

Nígbà tó na aṣọ sínú férémù, apá òsì ò gbà mọ́. Ó ká a sẹ́yìn. Atukọ̀ lọ sẹ́yìn tòun ti fìlà, tòun ti ọ̀pá. Imú ọkọ̀ nìkan ló ṣẹ́kù síta, bí ẹja tó fẹ́ mí. Ó gbé pákó pẹlẹbẹ bò ó lẹ́yìn, ó kàn án níṣòó. Ìṣó tó kàn mọ́ ọn pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kò fọn féèrè mọ́. Ó ń rò ó pé inú òun á dùn, ṣùgbọ́n bí ẹni tó jẹun tí kò yó ló ṣe lọ sílé.

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ṣí ìpàtẹ náà. Ilé ìkàwé kún fọ́fọ́. Obìnrin alábòójútó ilé ìkàwé náà sọ̀rọ̀ ìkíni, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ "àwọn àlejò wa" tó mú ẹ̀bùn iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá.

"Àlejò tó ti bímọ síbí," Oníbúrẹ́dì kùn lábẹ́ ètè, "tí ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé."

Ìyàwó Káfíńtà ń lọ láti aṣọ kan dé òmíràn, ó ń dá àwọn èèyàn lóhùn. Nígbà tó dé iwájú aṣọ àkọ́kọ́, ó dúró. Ó wo imú ọkọ̀. Ó wo ibi tó yẹ kí ọkùnrin kan wà. Ó yíjú padà, ó wá ojú ọkọ rẹ̀ kiri inú èrò títí ó fi rí i, ó wò ó. Ó kọjá lọ síbi aṣọ tó kàn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí, tí ọkùnrin kan wọlé, tó fi ọ̀pá tilẹ̀, tí ọmọbìnrin kan dì í mú lápá kejì. Ó ti pá lórí, ẹsẹ̀ kan ò fẹ́ gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Káfíńtà ò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Oníbúrẹ́dì ló kígbe:

"Atukọ̀! O wá lóòótọ́!"

Oníbúrẹ́dì, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló ti pè é lórí fóònù. Ó ti sọ fún un pé ó wà nínú aṣọ, pé ó gún régé níbẹ̀. Ni Atukọ̀ bá wọ bọ́ọ̀sì láti ìlú tó wà, ó mú ọmọ rẹ̀ dání, èyí tó ṣì kéré gan-an nígbà tí wọ́n kúrò nílé, tí kò lè rántí nǹkan kan nípa ibẹ̀.

"Wọ́n ní mo wà níbí," Atukọ̀ ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kí i. "Mo fẹ́ kí ọmọ yìí rí bí bàbá rẹ̀ ṣe rí nígbà tó ní ẹsẹ̀ méjì."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń wò ó lọ. Nínú àwọn aṣọ tó kù, Atukọ̀ kéré, ó wà lókèèrè, kò ju ẹ̀yìn ọkùnrin kan lọ. Oníbúrẹ́dì ló ń fà wọ́n. "Kì í ṣe ìyẹn. Èyí tó tóbi ni. Ẹ bọ̀ níbí." Wọ́n dé iwájú rẹ̀. Oníbúrẹ́dì na ìka síbi tí Atukọ̀ wà tẹ́lẹ̀, imú ọkọ̀ nìkan ló bá níbẹ̀.

Ọmọbìnrin náà wá a, ó wá a. "Dádì, mi ò rí yín o."

"Wò ó dáadáa," Atukọ̀ ní, ó ń rẹ́rìn-ín.

Káfíńtà mọ ẹ̀rín yẹn. Ó ti rín in rí. Ó mọ bó ṣe ń dun ni lẹ́rẹ̀kẹ́ tó bá pẹ́ jù. Gbogbo ọjọ́ tó ti ń gbàdúrà pé kí ọkùnrin yìí tẹ́, kò ronú rí pé irú ojú báyìí ló máa fi tẹ́. Atukọ̀ ti ń sún mọ́ aṣọ, ó ti ń sún sẹ́yìn, ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn.

"Bóyá wọ́n ṣàṣìṣe ni," ó ní fún ọmọ rẹ̀. "Èèyàn pọ̀ níbẹ̀. Wọn ò lè rántí gbogbo èèyàn."

Káfíńtà ò mọ ìgbà tó gba àárín èrò kọjá. Ó gbé férémù náà kúrò lára ògiri.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án!" obìnrin alábòójútó kígbe.

"Èmi ni mo kàn án," Káfíńtà dáhùn. Ó dojú férémù délẹ̀ lórí tábìlì ìwé, ó fa ọ̀bẹ kékeré yọ lápò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìṣó. Ìṣó tó ti kàn láṣejù wá di ìyà fún un. Gbogbo ilé ìkàwé dúró dè é, ó ń yọ, ó ń làágùn. Nígbà tí pákó ẹ̀yìn ṣí, ó tú etí aṣọ tó ká, ó fọwọ́ tẹ́ ẹ, ó sì gbé e dúró síwájú Atukọ̀.

Atukọ̀ wò ó pẹ́. "Èmi? Fìlà pupa? Ìgbà wo ni mo dé fìlà pupa rí láyé mi?"

"Aṣọ tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn," ìyàwó Káfíńtà ní lẹ́yìn wọn. "Funfun ti tán."

Káfíńtà rọra bọ́ fìlà orí rẹ̀, ó rún un sápò.

Ṣùgbọ́n Atukọ̀ kò wo ara rẹ̀ mọ́, ìsàlẹ̀ ló ń wò. "Ọkọ̀ mi rèé," ó ní, ohùn rẹ̀ sì yí padà. Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. "Inú rẹ̀ ni mo gbé ẹ sí lọ́jọ́ tí omi wọlé dé ibi fèrèsé. Ìwọ àti ìyá rẹ àti ará ilé kejì. A pọ̀ ju bó ṣe yẹ kó gbé lọ. Kò mi, kò jò." Ó gbójú sókè wo Káfíńtà. "Mi ò ráyè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Wọ́n yára kó wa jù."

Káfíńtà tún fọwọ́ na etí aṣọ náà.

"Kí ló wá gbé mi lọ sẹ́yìn?" Atukọ̀ béèrè.

"Igi... igi ló kúrú."

Oníbúrẹ́dì wúkọ́.

"Igi ló kúrú," ìyàwó Káfíńtà tún un sọ, ojú rẹ̀ gbẹ bí erùpẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. "Ó máa kan òmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ó di ìgbà tí wọ́n délé, tí wọ́n ń gun àtẹ̀gùn, kí obìnrin náà tó tún sọ̀rọ̀.

"Igi kúrú, àbí?"

"Má bínú."

"Mò ń bínú. Ẹ jẹ́ kí n bínú tán ná."

Wọ́n gun àjà kan sí i. Níbi tí wọ́n ti máa ń sinmi, Káfíńtà di irin àtẹ̀gùn mú, ó sì sọ ọ́ nígbẹ̀yìn, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ọmọdé: "Kí ló dé tí mi ò sí níbẹ̀?"

Ìyàwó rẹ̀ wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. "Ẹ̀yin? Ibo lẹ fẹ́ kí n rán yín sí?"

"Ibikíbi. Ajá wà níbẹ̀."

"Ajá máa ń wà lójú pópó. Ẹ̀yin kì í sí níbẹ̀. Inú ìsọ̀ lẹ máa ń wà láti ìdájí títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo máa ń gbé oúnjẹ wá, ẹ ò ní gbójú sókè. Ẹ ní ẹ fẹ́ parí ọkọ̀ ẹnìkan." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣé ẹ mọ bí mo ṣe mọ òpópónà yẹn débi tí mo fi lè rán an láìwo nǹkan kan? Fèrèsé ni mo máa ń dúró sí, tí mò ń retí pé kí ẹ bọ̀. Àwọn tó ń kọjá ni mò ń wò. Oníbúrẹ́dì ń kọjá, ajá ń kọjá, Atukọ̀ ń lọ, Atukọ̀ ń bọ̀. Ohun tí mo rí ni mo rán."

Káfíńtà jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó rántí ohùn àwọn èèyàn tó máa ń gba àlàfo pákó wọlé bá a nínú ìsọ̀, ẹ̀rín, ìjà, ẹni tó ń pe ọmọ rẹ̀. Ó máa ń sọ lọ́kàn pé bí ọkọ̀ yìí bá ti tán, òun á jáde lọ jókòó láàárín wọn. Ọkọ̀ yẹn á tán, òmíràn á bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí òun máa wá jáde, bọ́ọ̀sì ìjọba ló ń dúró de òun, omi sì ti gba òpópónà.

"Ṣé o ò wá lè rán mi sí i báyìí?"

"Kí n máa fi abẹ́rẹ́ purọ́?" Ó na ọwọ́ sí i. "Ẹ dìde, ilẹ̀ tutù. A ní àlejò lọ́la."

Atukọ̀ àti ọmọ rẹ̀ ló ń bọ̀, kí wọ́n tó wọ bọ́ọ̀sì padà. Ilé Oníbúrẹ́dì ni wọ́n sùn. Nígbà tí wọ́n dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìyàwó fi wọ́n sídìí tábìlì, Káfíńtà sì lọ sí kíṣìnnì lọ po tíì. Láti ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ wọn. Atukọ̀ ń sọ nǹkan kan, ìyàwó rẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó pẹ́ tí Káfíńtà ti gbọ́ irú rẹ̀ kẹ́yìn, èyí tó máa ń pariwo lójijì tí á sì wá di omijé. Nǹkan yẹn tún gún un nídìí ọkàn. Ó di kẹ́túlù mú, ó dúró. Ó lè dúró síbẹ̀ títí wọ́n á fi lọ. Omi tíì kì í tètè hó, kò sẹ́ni tó máa bi í.

Ó gbé tíì wọlé. Ó fa àga, ó sì jókòó sáàárín àwọn méjèèjì gan-an, tí Atukọ̀ fi ní láti sún ọ̀pá rẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń rín?"

"Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ Tíṣà ni," ìyàwó rẹ̀ ní, ó ń nu ojú. "Èyí tó fò sínú ọkọ̀."

"Ewúrẹ́ wo?"

Atukọ̀ yanu. "O ò gbọ́ ọ? Iwájú ìsọ̀ rẹ gan-an ló ti ṣẹlẹ̀! Gbogbo ìlú ló jáde!"

"Mi ò jáde," Káfíńtà ní.

Ọmọbìnrin Atukọ̀ ń wo ọ̀kan, ó ń wo èkejì, nítorí òun náà ò mọ ewúrẹ́ kankan.

"Ó dáa," Káfíńtà ní, ó sì da tíì sínú ife Atukọ̀ ṣáájú tirẹ̀. "Tún un sọ. Bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, má fo nǹkan kan."

Atukọ̀ tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Káfíńtà fi ìgúnpá lé tábìlì, ó ń gbọ́ ìròyìn ojúlé tirẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn, ó ń jowú, ó sì ń rẹ́rìn-ín.